Rọpárọsẹ̀: Ìtọ́jú tí ó ń dá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ padà wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ jìn sí àwọn ará Agric

Ní agbègbè Agric ní Ìkòròdú, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu ènìyàn ni wàhálà ẹbí rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ariwo á ta, àwọn ará ilé á dìde, wọn á wá ọkọ̀, wọn á sì gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn. Ọjọ́ tí dókítà bá ní kí wọ́n máa lọ sílé ni wàhálà gan-an ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀mí kò bọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wálẹ̀, oògùn wà nínú ọ̀rá, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan kò gbéra. Nínú ìwé tí wọ́n bá fún ẹbí, ìlà kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tí ó sọ pé kí aláìsàn máa lọ rí àwọn físíò. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Bẹ́ẹ̀ òun ni ó sábà máa ń pinnu bóyá ẹni náà yóò tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, tàbí yóò máa wo òrùlé láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú, rọpárọsẹ̀ yìí yàtọ̀ sí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé ní àjẹsára sí. Ti àgbà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹ̀gbà, inú ọpọlọ ni ó ti ń wá. Òpó ẹ̀jẹ̀ kan á dí tàbí kí ó bẹ́, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ nínú ọpọlọ á sì kú. Nítorí náà, ọwọ́ tí kò lè gbé ife mọ́ kò ní àìsàn kankan nínú ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Eegun rẹ̀ pé, iṣan rẹ̀ pé. Ẹni tí ó ń pàṣẹ fún un ni kò sí lórí ìjókòó mọ́. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ nípa àrùn ọpọlọ ṣe ní Ṣúrùlérè, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, fi hàn pé ó lé díẹ̀ ní ẹnì kan nínú 1,000 ènìyàn tí àrùn náà ti kọlù rí tí ó sì wà láàyè. Ìwádìí ńlá mìíràn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn léwájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana, tí ó jáde ní ọdún 2018 lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ aláìsàn tí ó lé ní 2,000 wò, fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe olórí ohun tí ó ń fà á. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń mú kò tíì darúgbó; àwọn ni ó ń wa ọkọ̀, tí ó ń ta ọjà, tí ó ń san owó ilé ìwé ọmọ.

Apá ọpọlọ tí ó bá ti kú kì í jí. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn apá tí ó wà láàyè lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, bí ọmọṣẹ́ ṣe lè kọ́ iṣẹ́ ọ̀gá tí kò sí nílé mọ́, bí wọ́n bá sáà ń gbé iṣẹ́ náà fún un ṣe lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ yìí máa ń yá jù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó máa ń falẹ̀, bí kò tilẹ̀ dúró pátápátá. Ìdí nìyí tí oṣù mẹ́ta tí ẹbí kan fi ń gbé aláìsàn kiri láti orí òkè àdúrà dé ilé oníṣègùn, tí wọ́n ń wá ẹni tí ó ta bàbá lọ́fà, fi jẹ́ àdánù tí owó kò lè rà padà. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má gbàdúrà. Àdúrà kò ní kí ẹsẹ̀ má rìn.

Ọwọ́ ni àwọn físíò fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹni tí kò bá sì wo ohun tí wọ́n ń ṣe dáadáa á rò pé ìfọwọ́ra lásán ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ aláìsàn láti dìde lórí àga tó àpẹẹrẹ. Olùtọ́jú á kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ aláìsàn méjèèjì sẹ́yìn títí gìgísẹ̀ yóò fi bọ́ sí abẹ́ orúnkún. Á fi orúnkún tirẹ̀ ti orúnkún tí kò lágbára kí ó má baà yẹ̀, á sì fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí aláìsàn mú. Á wá ní kí ó tẹ̀ síwájú, kí imú rẹ̀ kọjá orúnkún, kí ó tó gbé ìdí kúrò lórí àga. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ tí ó dá nìkan ni aláìsàn gbé ara lé, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ tí ó wà ní ìbàdí á rọra darí ara sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹsẹ̀ tí ó ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ lè mọ̀ pé ẹrù wà lórí òun. Ọwọ́ yẹn kì í gbé aláìsàn sókè. Ó ń fi ọ̀nà han ara ni. Bí ara bá ti ń mọ̀ ọ́n, olùtọ́jú á máa dín agbára ọwọ́ rẹ̀ kù, láti orí dídìmú dé orí fífọwọ́ kàn, títí yóò fi yọ ọ́ kúrò. Mímọ ìgbà tí ó yẹ kí a yọ ọwọ́ ni ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí ẹni tí wọ́n bá ń dì mú títí kò ní dá dúró láé.

Ti apá tún gba sùúrù ju ti ẹsẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, apá máa ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Nígbà tí ó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í le, ìgúnpá á ká, ìka á dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Olùtọ́jú á fi ọwọ́ kan gbá eegun ẹ̀yìn èjìká mú láti darí rẹ̀ síwájú, á fi èkejì di ọrùn ọwọ́ aláìsàn, á sì sìn ín dé ibi tí ife wà lórí tábìlì. Ife gan-an ni, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ọpọlọ máa ń kọ́ ohun tí ó ní ìtumọ̀ sí i kíá ju gbígbé ọwọ́ sókè àti sísọ ọ́ kalẹ̀ lásán lọ.

Ó tó ọdún 80 tí iṣẹ́ yìí ti wà ní Nàìjíríà, etí òpópónà kan náà tí ó gba iwájú Agric kọjá lọ sí ìgboro Èkó ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn eegun tí ó wà ní Ìgbóbì, nítòsí Fádéyì, èyí tí ó ti ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì dìde, ni àwọn olùtọ́jú físíò méjì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1945. Àwọn oníṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1959. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1966, Yunifásítì Èkó àti ti Ifẹ̀ tẹ̀lé e ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ó sì di ọdún 1988, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ tí ó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní orúkọ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ yìí, bí ó ti wù kí pátákó tí ó gbé síta tóbi tó, kì í ṣe físíò.

Àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ọwọ́ kọ́ni ní ìtàn tiwọn. Berta Bobath jẹ́ obìnrin Júù tí ó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ní Berlin kí ó tó sá fún ìjọba Hitler lọ sí London. Ní àwọn ọdún 1940, ó ń tọ́jú ayàwòrán kan, Simon Elwes, tí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kan ti rọ. Ní ìgbà yẹn, ohun tí wọ́n sábà ń ṣe ni pé wọ́n á gbà pé ẹ̀gbẹ́ náà ti lọ, wọn á sì kọ́ aláìsàn láti fi ẹ̀gbẹ́ tí ó kù ṣe ohun gbogbo. Ìyáàfin Bobath kò gbà. Ó rí i pé bí òun bá di èjìká tàbí ìbàdí mú lọ́nà kan, ọwọ́ tí ó ti ká kò á tú, á sì ṣeé kọ́. Ọkọ rẹ̀, Karel, tí ó jẹ́ dókítà, ni ó bá a wá àlàyé sí i. Ní Amẹ́ríkà, Herman Kabat àti Margaret Knott gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ní ara kì í rìn ní ìlà gbọọrọ, pé yíyí ni ó ń yí, bí ìgbà tí obìnrin bá mú ìborùn láti ìbàdí òsì tí ó sì jù ú sí èjìká ọ̀tún. Ipa ọ̀nà yíyí yẹn ni olùtọ́jú yóò máa fi ọwọ́ tẹ̀lé, tí yóò máa ta kò ó díẹ̀díẹ̀ kí iṣan lè jí. Signe Brunnstrom, ọmọ Sweden tí ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ sọ pé kíká tí ọwọ́ ń ká kò yẹn gan-an ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó sàn ju kí ọwọ́ máà ṣe nǹkan kan lọ.

Ìyàn tí àwọn ọmọlẹ́yìn wọn ti bá ara wọn jà lé e lórí kò kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí kó ìwádìí 96 jọ ní ọdún 2014, tí aláìsàn inú wọn lé ní 10,000, ohun tí wọ́n rí ni pé ìtọ́jú físíò ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà kan nínú wọn tí ó fi gbogbo ara ju èkejì lọ. Ìwádìí mìíràn láti ilẹ̀ Netherlands ní ọdún kan náà tún fi kún un pé ṣíṣe iṣẹ́ gan-an, léraléra, ni ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ jù: kí ẹni tí ó fẹ́ rìn máa rìn, kí ẹni tí ó fẹ́ mu omi máa gbé ife. Èyí kò sọ ọwọ́ olùtọ́jú di asán. Ó fi ọwọ́ náà sí ipò rẹ̀ ni: ọwọ́ ni ó ń ṣílẹ̀kùn, ṣíṣe léraléra ni ó ń wọlé.

Iye ìgbà wá di ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2009, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà jókòó ka iye ìgbà tí aláìsàn ń fi ọwọ́ tí ó rọ ṣe iṣẹ́ gidi nínú ìtọ́jú ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbà 32 péré ni wọ́n bá, bẹ́ẹ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lójúmọ́ ni àwọn ẹranko tí wọ́n fi ṣèwádìí ń ṣe kí ọpọlọ wọn tó yí padà. Ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń mú kí iye náà pọ̀ sí i ni pé wọ́n á fi ìbọ̀wọ́ nínípọn bo ọwọ́ tí ó dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí èyí tí ó rọ má baà rí ibi sá sí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún aláìsàn 222 ní Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní ọdún 2006, fi hàn pé ó ṣiṣẹ́, àǹfààní rẹ̀ sì ṣì wà lẹ́yìn ọdún kan. Kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn o. Ẹni tí ìka rẹ̀ ti lè là díẹ̀ ni ó wà fún. Àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Bayero ní Kánò ti dábàá pé dípò wákàtí gígùn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí ọwọ́ ṣe iṣẹ́. Ìmọ̀ràn yìí bá ilẹ̀ wọ̀nyí mu, nítorí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti ka ení, èjì.

Nínú ilé ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń bàjẹ́. Ọmọ tí ó nífẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ á fa apá tí ó rọ láti gbé e dìde lórí ibùsùn, kò sì mọ̀ pé iṣan tí ó de èjìká mọ́ ihò rẹ̀ ti sùn. Èjìká á yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìrora á wọ ibẹ̀, aláìsàn kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan apá náà mọ́. Abẹ́ ìbàdí àti ẹ̀yìn èjìká ni ó yẹ kí wọ́n ti gbé e. Wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná jó ọwọ́ tí kò mọ ìrora, awọ á bó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n á fi àdí àti òróró fi ẹsẹ̀ ra láàárọ̀ lálẹ́, èyí tí kò burú, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń fi òróró ra kò ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ kò sì kọ́ ohunkóhun. Wọ́n á ra bọ́ọ̀lù rọ́bà fún un láti máa fún mọ́wọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé lílà ni ìka nílò, tí dídì ti pọ̀ jù. Tí ó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ni ó lọ, ó rọrùn fún ẹbí láti sọ pé ọ̀tún ṣì wà, kí wọ́n sì pa òsì tì. Kò sí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ kan ró ìró tàbí fọ aṣọ.

Ìkánjú àṣejù pẹ̀lú kò dára. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí ó jáde ní ọdún 2015, fi hàn pé àwọn tí wọ́n gbé dìde lemọ́lemọ́ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa tó àwọn tí wọ́n rọra mú.

Bí ìmọ̀ bá wà, tí ìwé sì wà, kí ni ó wá dí àwọn ará Agric lọ́wọ́? Ọ̀nà ni, àti owó. Ilé ìwòsàn ìjọba wà nínú ìlú Ìkòròdú, ọ̀kan sì wà ní Ẹ̀pẹ́, àmọ́ àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí ìmọ̀ nípa ọpọlọ ti kó jọ sí wà ní Ìkẹjà, Ìdí-Àràbà àti Ìgbóbì. Láti ọdún 2015 ni bọ́ọ̀sì BRT ti ń ti Ìkòròdú lọ sí Mile 12 títí wọ ìgboro, ó sì ń dúró ní Agric. Ìyẹn ran ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan kò lè tò sórí ìlà ní aago márùn-ún ìdájí, kò sì lè gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ láti sọdá títì. Bí dókítà bá ní kí ó wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ìrìn-àjò 36 nìyẹn. Pẹ̀lú ẹni tí yóò sìn ín lọ, àlọ àti àbọ̀, owó ọkọ̀ ìgbà 144 ni, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ ẹyọ kan ni wọ́n ń wọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ sì fò sókè, kò yani lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n sì jókòó sílé.

Ìbánigbófò ìlera ni ìjọba ń tọ́ka sí. Òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú sì fi àṣẹ tirẹ̀ lé e ní Èkó ní ọdún 2024 nípasẹ̀ ètò Ìlera Èkó. Ó dára. Àmọ́ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń san owó náà béèrè ni iye ìgbà tí ètò náà yóò san owó físíò fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Ẹ̀kọ́ ìrìn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó. Ètò tí ó bá san owó ọjọ́ mélòó kan tí ó sì dúró dà bí ẹni tí ó san owó ilé ìwé ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àìtó òṣìṣẹ́ tún wà níbẹ̀: àwọn físíò wà lára àwọn oníṣẹ́ ìlera tí ìjàpá gbé lọ sí Britain àti Canada, àwọn tí ó kù sì ní aláìsàn lọ́rùn ju bí ó ti yẹ lọ.

Nítorí èyí, àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n kọ́ ẹbí ní iṣẹ́ náà, kí ọ̀rọ̀ tán. Ilé Yorùbá kò ṣaláìní ọwọ́: ọmọ wà, ìyàwó wà, àbúrò wà, wọ́n sì fẹ́ ṣe é. Àmọ́ orílẹ̀-èdè Índíà ti dán an wò, àbájáde rẹ̀ sì yẹ kí ó ta àwọn olùṣètò lólobó. Wọ́n lo aláìsàn 1,250 ní ilé ìwòsàn 14. Wọ́n kọ́ ẹbí apá kan láti máa ṣe ìtọ́jú náà nílé, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹfà, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2017, àwọn tí ó kú tàbí tí wọn kò lè dá nǹkan ṣe jẹ́ 47 nínú 100 ní apá méjèèjì. Kò sí ìyàtọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́ ni pé kí ẹbí ká ọwọ́ gbera. Ẹbí tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn láì fa èjìká rẹ̀ ya ti ṣe ohun ńlá. Ohun tí ó fi hàn ni pé ìfẹ́ ẹbí kò lè rọ́pò ojú ẹni tí ó kọ́ṣẹ́, tí yóò máa wò ó lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí yóò sọ pé ó tó báyìí, ẹ yọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ó dá a ṣe. Ìjọba tí ó bá fẹ́ di ẹrù náà lé ẹbí lórí nítorí owó, owó tí ó pa mọ́ kò ní bá aláìsàn dìde.

Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì ni ó bá Agric mu jù. Ní ọdún 2023, ìpàdé àgbáyé àjọ ìlera WHO fẹnu kò pé kí àwọn orílẹ̀-èdè mú irú ìtọ́jú yìí wọ inú ètò ìlera wọn, títí kan àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo, ó sì sún mọ́ ilé ju Ìdí-Àràbà lọ. Bí físíò kan bá ń yí wọn ká, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè fi ọwọ́ ṣe èyí tí ó gba ọwọ́ olùkọ́ lọ́jọ́ náà, kí ó kọ iye ìgbà tí aláìsàn yóò dìde lórí àga àti iye ìgbà tí yóò gbé ife sí ìwé kan fún ẹbí, kí wọ́n máa sàmì sí i nílé, kí òun sì yẹ̀ ẹ́ wò bí ọ̀sẹ̀ bá yípo. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Àga méjì tí kò ní apá, àpótí kan tí ó ga bí àtẹ̀gùn, dígí gígùn kan, ibùsùn tí kò ga púpọ̀ àti ife mélòó kan tó o fi bẹ̀rẹ̀.